Ẹgbọrọ màlúù tí a jọ ń sìn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ewu owó ọjà

Àwọn tó ń dá owó jọ ra ẹgbọrọ màlúù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti agbègbè wọn ni wọ́n máa ń béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lemọ́lemọ́. Ìdáhùn wọn dá lórí ẹran tí a rà ní kékeré, tí a há mọ́ ọgbà bọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì tà fún alápatà tàbí fún ọdún Iléyá. Àwọn iye owó inú ìṣirò jẹ́ àpẹẹrẹ lásán; wọn kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta ẹran lọ́jà lónìí.

Kí ni à ń pè ní ewu owó ọjà nínú òwò yìí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iye tí a ó ta ẹran lọ́jọ́ títà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó mẹ́ta ló ń bá ara wọn jà: owó tí a fi ra ẹgbọrọ, owó tí a fi bọ́ ọ, àti owó tí a tà á. Ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn ni èrè, èyíkéyìí nínú wọn sì lè jẹ èrè náà tán. Ẹni tó ra ẹgbọrọ ní ọ̀wọ́n ti lè pàdánù láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà dára nígbà tí ó ń tà.

Nínú àjọṣe, ewu kẹrin tún wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí ọjà yí, kí àwọn alájọṣe má sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò ru àdánù àti ẹni tó ní àṣẹ láti tà. Lójú tiwa, èyí ló ń tú àjọṣe ká ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ.

Báwo ni owó ọjà ṣe lè walẹ̀ tó kí èrè wa tó pòórá?

Kò nílò kí ó walẹ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀rẹ́ mẹ́ta dá owó ra ẹgbọrọ mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó kílò 150, ní ₦2,600 kílò kan. Ẹran kan di ₦390,000. Láàárín oṣù mẹ́fà, oúnjẹ gba ₦190,000 lórí ẹran kan, oògùn, ọkọ̀, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni lọ́jà àti owó olùtọ́jú sì gba ₦40,000. Gbogbo ìnáwó orí ẹran kan wá jẹ́ ₦620,000. Bí wọ́n bá bọ́ ọ dáadáa, tí ó ń sanra sí i ní nǹkan bíi kílò 0.6 lójúmọ́, yóò wọ̀n tó kílò 260 lọ́jọ́ títà.

Bí kílò kan bá ṣì jẹ́ ₦2,600, ẹran kan yóò mú ₦676,000 wọlé, èrè orí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò sì jẹ́ ₦560,000. Bí ọjà bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún walẹ̀, tí kílò di ₦2,340, èrè náà ti lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti pàdánù ₦116,000. Bí ó bá fi ìdá kan náà gòkè, èrè wọn yóò di ₦1,236,000.

Iye tó yẹ kí wọ́n kọ sára ògiri ọgbà ẹran ni ₦2,385, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti pé láìsí èrè, láìsí àdánù. Ẹ kíyè sí i pé ó kéré sí iye tí wọ́n fi ra kílò kan nígbà tí ẹran wà ní kékeré. Ìdí ni pé kílò 110 tí ẹran fi kún nílé ná wọn ní nǹkan bíi ₦2,091 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tà á ní ₦2,600. Inú ìyàtọ̀ yẹn ni èrè ti ń jáde. Bí oúnjẹ bá wọ́n títí kílò tí a fi kún fi ń ná wa ju iye tí ọjà ń san lọ, bíbọ́ ẹran náà ti di bíbọ́ àdánù.

Kí ló máa ń mú kí owó màlúù yí padà ní ilẹ̀ Yorùbá?

Ohun tó pọ̀ jù nínú ẹran tó ń dé ọjà Akínyẹlé n'Ìbàdàn, Kara lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àti ilé ìpẹran Oko Ọba ní Agége ni ó wá láti Òkè Ọya àti láti orílẹ̀-èdè Niger àti Chad. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá dí ọ̀nà tàbí tó bá mú kí ọkọ̀ wọ́n yóò hàn lára owó ẹran lọ́dọ̀ wa. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọjà tó ń bọ̀ wá sí Gúúsù dúró fún ọjọ́ díẹ̀, owó ẹran sì gbéra lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹfà, wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lójà. Ní ìparí oṣù keje, ẹnubodè Niger tì lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀, kò sì ṣí títí di oṣù kẹta 2024. Owó sẹ́fà ni wọ́n fi ń ra ẹran ní Niger àti Chad, nítorí náà bí náírà bá ti rẹ̀ sílẹ̀, ẹran wọn ti wọ́n kí ó tó gun ọkọ̀.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbé owó ẹran sókè, èyí tó dára fún ẹni tó ti ní ẹran lọ́gbà, tó sì burú fún ẹni tó ń lọ rà. Ohun tó ń já a wálẹ̀ yàtọ̀: ẹran tó ń ya wọ ọjà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá tán tí àwọn darandaran ń tà nítorí àìríjẹ, àìsówó lọ́wọ́ ará ìlú, àti ìròyìn àrùn. Nígbà tí wọ́n jẹ́rìí sí àrùn anthrax ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù keje 2023, lẹ́yìn tí ìjọba ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń jẹ pọ̀nmọ́, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ oníbàárà àwọn alápatà, àní níbi tí àrùn náà kò tilẹ̀ dé.

Ṣé a lè máa fojú díwọ̀n ẹran nígbà tí a bá ń rà á?

Alárinà ọjà, tí àwọn Hausa ń pè ní dillali, ti fojú díwọ̀n ẹran láti kékeré. Ẹ̀yin kò lè fi ojú ná an já. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n ńlá, ẹ fi téèpù wọn àyíká àyà ẹran lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti orí èjìká dé egungun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi àyíká àyà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 10,840 pín in. Ẹran tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ 150, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 130, tó nǹkan bíi kílò 270. Ìṣirò yìí kì í ṣe òótọ́ pátápátá, pàápàá lórí ẹgbọrọ tó gbẹ, ṣùgbọ́n ó sàn ju ojú lásán lọ.

Àǹfààní rẹ̀ fún àwọn alájọṣe ni pé gbogbo wọn yóò máa sọ èdè kan náà. Ẹni tó wà l'Ékòó tí ó fi owó ránṣẹ́ lè bi ẹni tó wà ní ọgbà pé kílò mélòó ni ẹran fi kún lóṣù yìí, dípò kí ó máa gbọ́ pé “wọ́n ń ṣe dáadáa.”

Ṣé títà nígbà Iléyá kò tó láti fi èrè wa lọ́kàn balẹ̀?

Ó máa ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà tirẹ̀. Màlúù tí Mùsùlùmí yóò fi ṣe ìrúbọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún méjì, kò sì gbọdọ̀ fọ́jú, kò gbọ́dọ̀ yarọ, kò gbọ́dọ̀ ṣàìsàn tàbí kí ó gbẹ kọjá ààlà. Ẹgbọrọ tí a rà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ, tí a bọ́ fún oṣù mẹ́fà, kò tíì yẹ fún un, bó ti wù kí ó sanra tó. Alápatà nìkan ló lè rà á. Bí Iléyá ni ẹ fojú sùn, ẹ ra ẹran tó ti tó ọdún kan ààbọ̀, kí ẹ sì wo eyín rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Èkejì ni pé ọdún náà ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ó bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní 2023, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ní 2024, àti ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ní 2025. Bí ó ti ń sún mọ́ àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni oúnjẹ tí a ó fi mú ẹran sanra fún un yóò máa wọ́n sí i, nítorí náà ètò tó mówó wọlé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè má bá ìsinsìnyí mu. Ẹ sì rántí pé ẹran tó bá kù lọ́wọ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ Iléyá ti bọ́ sínú ọjà tí kò sí oníbàárà níbẹ̀. Ohun tí a máa ń dámọ̀ràn ni pé kí ẹ ta ìdajì ẹran ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí méjì ṣáájú ọdún, kí ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Kí ni a lè ṣe nípa owó oúnjẹ?

Níbi yìí ni agbára yín pọ̀ sí jù. Ẹ kò lè pàṣẹ iye tí alápatà yóò san ní oṣù mẹ́fà òní, ṣùgbọ́n ẹ lè ra oúnjẹ oṣù mẹ́fà lónìí. Èèpo ẹ̀gẹ́ máa ń pọ̀ nídìí àwọn tó ń ṣe gàrí. Bí a bá sá a gbẹ dáadáa, yóò ṣeé tọ́jú sínú àpò. Eèrí àgbàdo dínwó lẹ́yìn ìkórè. PKC, ìyẹn ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún àdín lára èkùrọ́, àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ, ni a fi ń gbé agbára oúnjẹ náà ró, nítorí èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan kò lè mú ẹran dàgbà.

Ọ̀ràn yìí ti wúwo sí i láti ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń ṣòfin tako fífi ẹran jẹ̀ káàkiri: Èkìtì ní 2016, Ọ̀yọ́ ní 2019, Oǹdó àti Èkó ní 2021. Ẹran tí a há mọ́lé kò ní koríko ọ̀fẹ́. Nítorí náà, ẹ yọ owó oúnjẹ, ó kéré tán ti oṣù mẹ́rin, sọ́tọ̀ nínú owó tí ẹ kọ́kọ́ dá, kí ẹ fi iye tó ṣẹ́ kù ra ẹran. Àwọn tó ń fi gbogbo owó ra ẹran, tí wọ́n wá ń dá owó oúnjẹ lóṣooṣù, ni ó sábà máa ń di dandan fún láti ta ẹran tí kò tíì sanra nígbà tí ọjà burú.

Ṣé ilé iṣẹ́ adójútòfò lè san owó fún wa bí owó ọjà bá já?

Rárá. Ohun tí ilé iṣẹ́ adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, NAIC, ń ṣe fún ẹran ọ̀sìn ni pé kí ó san owó bí ẹran bá kú nítorí àìsàn tàbí ìjàǹbá tí ìwé àdéhùn dárúkọ. Bí ọjà bá já, kò kàn án.

Síbẹ̀, ẹ gbà á. Nínú àpẹẹrẹ ẹran mẹ́wàá tí a ṣe lókè, bí ẹyọ kan bá kú nígbà tí títà kù sí dẹ̀dẹ̀, tí owó ọjà kò sì yí rárá, àwọn alájọṣe yóò pàdánù ₦116,000, iye kan náà tí ọjà tó fi ìdá mẹ́wàá walẹ̀ kó bá wọn. Ẹni tí ikú ẹran ti mú owó rẹ̀ lọ kò ní ohun tí yóò fi fara da ọjà tó burú.

Ṣé a lè bá alápatà fẹnu kò lórí owó kí ẹran tó sanra?

Ó ṣeé ṣe, kílò ni kí ẹ sì fi ṣe àdéhùn náà, kì í ṣe orí ẹran. Ẹ kọ iye tó kéré jù tí yóò san, ẹ kọ ọjọ́ tí yóò kó ẹran, kí ẹ sì gba àsansílẹ̀ tó nípọn díẹ̀, nítorí pé alápatà tí kò fi nǹkan sílẹ̀ yóò sá bí ọjà bá já, ẹ̀yin náà yóò sì fẹ́ sá bí ọjà bá gòkè. Àdéhùn tí a ti rí i tí ó ń dúró ni èyí tó pín ìyípadà: bí ọjà bá ju iye àdéhùn lọ, kí àwọn méjèèjì pín àlékún náà ní ọgbọọgba.

Ẹ ṣọ́ra fún àwìn. Àwọn alápatà sábà máa ń kó ẹran lọ, kí wọ́n tó sanwó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tà á tán. Owó tó dára jù tí wọn ò san ti burú ju owó ọwọ́ lọ. Bí ó bá di dandan kí ẹ ta àwìn, kí gbogbo alájọṣe fọwọ́ sí i. Kí ẹnì kan má ṣe dá yọ̀ǹda ohun tí gbogbo yín jọ ni.

Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ lè ti owó màlúù rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti oṣù mélòó kan ṣáájú. Ṣé kò sí irú rẹ̀ níbí?

Òótọ́ ni. Ní ọjà àdéhùn ọjọ́ iwájú tó wà ní Chicago, níbi tí wọ́n ti ń fẹnu kò lónìí lórí iye tí wọn yóò ta ẹran ní oṣù tó ń bọ̀, ẹyọ àdéhùn kan lórí ẹgbọrọ màlúù jẹ́ 50,000 pọ́ùn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 22,700. Ẹran mẹ́wàá tiwa kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀. Fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, ìjọba wọn ní ètò adójútòfò tí wọ́n ń pè ní LRP, tó ń sanwó bí owó ọjà gbogbogbòò bá wálẹ̀ ju iye tí àgbẹ̀ yàn lọ, alájọṣe kọ̀ọ̀kan sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á lórí ìpín tirẹ̀ nìkan.

Àwọn ọjà irè oko tó wà ní Nàìjíríà ń ṣòwò ọkà, sẹ́sámì, kòkó àti irú wọn, wọn kì í ṣe ti màlúù. Owó Chicago kò sì ní ohun tó so ó mọ́ owó Kara. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun yóò bá yín fi àdéhùn Chicago dáàbò bo ẹran tó wà ní Ìsẹ́yìn ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ta ni ó yẹ kí ó ru àdánù?

Bí gbogbo yín bá dá owó, ìlànà tó rọrùn jù ni pé kí àdánù tẹ̀lé owó: ẹni tó dá ìdajì yóò ru ìdajì. Ẹ lè pín èrè ní ọ̀nà mìíràn láti fi mọ rírì ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí àdánù owó dúró lórí ìpín owó.

Bí ẹnì kan bá mú owó wá, tí èkejì sì mú iṣẹ́ wá, ìlànà mudaraba tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń lò ti dáhùn rẹ̀: olówó ni yóò ru àdánù owó, òṣìṣẹ́ yóò sì pàdánù làálàá rẹ̀, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé àìbìkítà tàbí àìtẹ̀lé àdéhùn ló fa àdánù náà. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú èyí ni bí a ṣe máa mọ̀ pé ọjà ló já ni, àbí olùtọ́jú ló ta ẹran láìtọ́. Ẹ yàn ọjà méjì, kí ẹnì kan yàtọ̀ sí olùtọ́jú máa béèrè iye ẹran níbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọjọ́ títà bá dé, ìwé yẹn ni yóò sọ̀rọ̀.

Àwọn kan fẹ́ tà báyìí, àwọn kan ní kí a dúró kí owó gòkè. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹran léèrè, kí ẹ tó bi ọjà. Nínú àpẹẹrẹ wa, oúnjẹ ẹran kan jẹ́ nǹkan bíi ₦1,040 lójúmọ́, ìyẹn ₦31,200 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ₦2,600 kílò kan, owó yẹn jẹ́ kílò 12. Ẹran tó bá ń fi ju kílò 12 kún lóṣù ṣì ń san owó oúnjẹ ara rẹ̀, dídúró kò sì pa yín lára. Ẹran tí kò bá kún tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ti ń jẹ èrè tó ti mú wá. Ẹni tó ní kí a dúró dè é ń sọ pé òun mọ̀ pé ọjà yóò gòkè, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ra ẹran ni kí ẹ ti kọ nǹkan mẹ́ta sínú àdéhùn: iye kílò tí ó bá ti pé, kí olùtọ́jú ta ìdá kan nínú mẹ́ta ẹran náà láìbi ẹnikẹ́ni, iye tí ọjà bá wálẹ̀ dé, kí gbogbo yín pàdé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àti déètì tí ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ti tà, yálà ọjà dára tàbí kò dára. Bí ẹ bá ti wà nínú ìjà láìsí àdéhùn, ẹ pín ẹran náà. Kí ẹni tó fẹ́ tà mú tirẹ̀ lọ, kí ẹni tó fẹ́ dúró gba tirẹ̀, kí ó sì máa dá owó oúnjẹ rẹ̀ san láti ọjọ́ yẹn lọ. Ó máa ń yà wá lẹ́nu bí àwọn tó ń pariwo pé kí a dúró ṣe máa ń yí ohùn padà nígbà tí owó oúnjẹ bá di tiwọn nìkan.

Ṣé kò sàn kí a máa pín ẹran dípò owó, bí àwọn àgbà ti ń ṣe?

Fún ẹni tó ń sin abo màlúù kí ó lè máa bímọ, ó sàn gan-an. Nínú àgbàsìn, olówó àti ẹni tó ń bá a sìn máa ń pín ọmọ tí ẹran bá bí, wọn kì í pín náírà. Kò sí ẹni tí yóò fi tipátipá mú èkejì tà. Oníkálukú ń ru ewu ọjà orí ọmọ ẹran tirẹ̀, ó sì ń yan ọjọ́ tirẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ ẹran kì í dọ́gba. Ẹ pinnu ṣáájú bóyá ní àtẹ̀léra ni ẹ ó máa mú wọn, ẹ sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ tí ó kan ẹnì kan bá kú kí ó tó kúrò lẹ́nu ọmú.

Ẹnì kan nínú wa fẹ́ yọ owó rẹ̀ láàárín. Iye wo ni a ó san fún un?

Kì í ṣe iye tó mú wá, kì í sì í ṣe iye tí ó ń retí pé a ó ta ẹran. Ẹ wọn ẹran lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi àròpín owó kílò ní ọjà méjì tí ẹ yàn ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ yọ owó ọkọ̀ àti owó alárinà tí ẹ ì bá san bí ẹ bá tà á lóòótọ́, kí ẹ wá fún un ní ìpín rẹ̀. Ìlànà kan náà ni kí ẹ lò fún àwọn àrólé bí alájọṣe kan bá kú. Bí àwọn tó kù kò bá ní owó náà lọ́wọ́, kí wọ́n fún un ní ẹran. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di pé ẹ ta gbogbo ọ̀wọ́ ẹran ní ọjà tó burú nítorí ẹnì kan.

Ẹnì kan tó ń gba owó ìdókòwò lórí ayélujára ṣèlérí ìdá 30 nínú 100 láàárín oṣù mẹ́fà. Ṣé ewu ọjà ti kúrò lọ́rùn wa nìyẹn?

Ewu kì í pòórá. Ẹlòmíràn ló gbé e. Ẹni tó bá ṣèlérí èrè tí kò ní yí padà lórí ẹran tí owó rẹ̀ ń yí padà ti gba gbogbo ewu ọjà, ewu oúnjẹ àti ewu ikú ẹran mọ́ra rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun kan péré: bí ọjà bá fi ìdá mẹ́wàá walẹ̀, inú àpò wo ni owó náà yóò ti jáde? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ owó àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, kò sí màlúù níbẹ̀.

A jèrè ní náírà, ṣùgbọ́n owó náà kò ra iye ẹgbọrọ tí a rà tẹ́lẹ̀. Ṣé èrè la jẹ?

Rárá, ẹ ti dín kù. Ní oṣù kejìlá 2024, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò iye owó ọjà, ròyìn pé iye owó ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ máa ka owó yín ní ẹgbọrọ: lẹ́yìn tí ẹ bá ti tà tán, ẹ béèrè iye ẹgbọrọ kílò 150 àti oúnjẹ oṣù mẹ́fà wọn tí gbogbo owó náà lè rà lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ra mọ́kànlá níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàá, ẹran kan ni èrè yín, òun sì ni ẹ lè pín. Bí ó bá ra mẹ́sàn-án, kò sí èrè láti pín, bí ìwé ìṣirò tilẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan ẹgbẹ̀rún náírà hàn.

Ọ̀nà kan láti dín èyí kù ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí owó sùn láàárín títà àti rírà. Bí ẹ bá ta mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ra mẹ́ta rọ́pò wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ọjà bá wọ́n nígbà tí ẹ tà, yóò wọ́n nígbà tí ẹ ń rà. Bí ó bá pọ́kú, yóò pọ́kú ní ìhà méjèèjì, ohun tí yóò sì kù fún yín láti máa jìjàkadì fún ni kílò tí ẹran ń fi kún lọ́gbà yín.